Màmá Ń Wá Onídùúró

Harrow Bend, Alabámà
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 1964

Elbert ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Nettie ìyàwó rẹ. Ṣé òtútù Wáṣíńtìnì kò tíì gbé yín mì? Òjò ló ń dà wá láàmú níbí. Òrùlé ti tún ń jò lápá ibi tí bàbá rẹ máa ń jókòó sí kí Ọlọ́run tó pè é. Mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Strickler tó ni ilé àti oko. Ó ní òun gbọ́. Láti ìgbà tó o ti wà lọ́mọ ọwọ́ ló ti ń gbọ́.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé rè é. Pásítọ̀ kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé wọ́n ti tún ìwé òfin Amẹ́ríkà ṣe, pé kò pọn dandan mọ́ kí ẹnikẹ́ni san owó-orí kó tó dìbò yan Ààrẹ. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé báàgì mi sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, èmi àti Díákónì Purvis múra, a gba kóòtù lọ. Ìwọ náà mọ̀ pé ọjọ́ Ajé méjì péré lóṣù ni wọ́n ń forúkọ ènìyàn sílẹ̀, bí wọ́n bá rántí ṣílẹ̀kùn. A dúró títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Nígbà tó kàn mí, obìnrin onígíláàsì tó jókòó síbẹ̀ ní, "Ozella, onídùúró rẹ dà?" Mo ní onídùúró ti kí ni? Ó ní ẹni tó ti jẹ́ olùdìbò gbọ́dọ̀ bá mi wá, kó búra pé òun mọ̀ mí, pé mi ò kì í ṣe èèyànkéèyàn.

Elbert, ó mọ ohun tó ń ṣe. Kò sí ẹni dúdú kan ṣoṣo tó jẹ́ olùdìbò lágbègbè wa yìí. Ta ni màá wá mú lọ nínú àwọn òyìnbó? Ọ̀gbẹ́ni Strickler? Ibẹ̀ ni mo ti rántí rẹ. Mo ní, "Ọmọ mi wà ní Wáṣíńtìnì, lẹ́bàá ilé Ààrẹ. Olùdìbò ni." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ní, "Kó máa bọ̀ nígbà náà."

Torí náà, máa bọ̀. Ọjọ́ Ajé kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni. Wọ aṣọ dúdú tó o fi gbéyàwó. Mo ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ò ń bọ̀.

Ìyá rẹ,
Ozella Gilchrist


Wáṣíńtìnì
Ogúnjọ́ oṣù Kejì, 1964

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò, ẹ kú ìdúró. Nettie ní kí ẹ fi omi gbígbóná oníyọ̀ rẹ ẹsẹ̀ yín, kí ẹ má sì kúnlẹ̀ nu ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí. Mi ò dìbò rí láyé mi. Kì í ṣe èmi nìkan o. Ará Wáṣíńtìnì kì í dìbò, àti dúdú àti funfun. Bí wọ́n ṣe kọ ìwé òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ń dìbò, Wáṣíńtìnì kì í sì í ṣe ìpínlẹ̀ kankan. Ojoojúmọ́ ni mò ń bu ọbẹ̀ ẹ̀wà fún àwọn aṣòfin ní ilé oúnjẹ wọn, mi ò sì lè yan ẹyọ kan nínú wọn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún òfin ṣe kí àwa náà lè máa yan Ààrẹ, oṣù Kọkànlá ọdún yìí la ó kọ́kọ́ ṣe é. Ààrẹ nìkan ni o. Kò sí aṣòfin, kò sí olórí ìlú.

Kódà ká ní mo ní ìbò mẹ́wàá níbí, ẹni tó máa dúró fún yín gbọ́dọ̀ jẹ́ olùdìbò lágbègbè yín. Obìnrin yẹn kàn ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ti owó-orí yẹn náà, ìbò Ààrẹ àti ti àwọn aṣòfin tó ń jókòó ní Wáṣíńtìnì ni wọ́n mú un kúrò lórí ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yan gómìnà tàbí ọ̀gá ọlọ́pàá, Alabámà ṣì máa gbà á lọ́wọ́ yín. Mo ka ìwé ìròyìn náà ní àkàtúnkà, mi ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó yé mi tán.

Ẹ má bínú sí mi. Kọfí wà nínú páálí tí mo fi ránṣẹ́.

Ọmọ yín,
Elbert


Harrow Bend
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta, 1964

Elbert,

Mo kí ọ. Kọfí dé.

Mo ka lẹ́tà rẹ títí ojú fi ń ro mí. Ṣé o rò pé orí ìyá rẹ ti dàrú ni? Ìlú tí Ààrẹ ń sùn tó ń jí, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe òfin ìbò gan-an, àwọn ará ibẹ̀ ni kì í dìbò? Ta ló ń gbé etí odò tó ń fi itọ́ bọ́jú?

Lẹ́yìn ìbò ọdún 1960, ìwọ lo kọ̀wé sí mi pé, "Màmá, a ti wọlé!" Àwọn wo ni "a"? Mo ka lẹ́tà yẹn sókè létí gbogbo Ẹgbẹ́ Ìyá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní ìyá olùdìbò. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Arábìnrin Lutie, tí ọmọ tiẹ̀ wà ní Detroit, pariwo láàárín agbo pé, "Ozella, ọmọ rẹ tó ń bá Ààrẹ jẹun, ṣé kò rí àyè wá sọ pé òun mọ ìyá òun ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́.

Sọ òótọ́ fún mi. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù Alabámà ló ń bà ọ́, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní bínú, mo mọ ohun tí ojú rẹ rí kó o tó sá kúrò níbí. Àbí ojú ń tì ọ́ láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú òyìnbó? Èyí tó o ń sọ yìí, kò lè yé ọmọ aráyé.

Ìyá rẹ


Wáṣíńtìnì
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, 1964

Màmá mi,

Ẹ kú oko òwú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wò ó pé mo pẹ́. Lẹ́tà yín dùn mí, mo sì gbé pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀ kí n má fi ìbínú kọ̀wé sí ìyá tó bí mi.

Nígbà tí mo kọ "a ti wọlé," ẹni tí ọkàn wa wà lọ́dọ̀ ẹ̀ ló wọlé. Gbogbo wa níbi iṣẹ́ là ń jó. Bí ẹṣin bá gba ipò kìíní, ṣé kì í ṣe pé ẹni tó ń wò ó náà máa ń fò sókè?

Mo ti forúkọ sílẹ̀ báyìí, Màmá. Ilé àwọn panápaná ni wọ́n ti ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó béèrè onídùúró lọ́wọ́ mi. Bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún dúró níwájú mi. Òyìnbó ni, Wáṣíńtìnì ni wọ́n bí i sí, agbẹjọ́rò ni, kò sì dìbò rí. Nígbà tí wọ́n fún un ní káàdì, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wá bi mí pé, "Ṣé ó parí náà nìyẹn?" Èmi tí mo wá láti Harrow Bend ló ń bi léèrè. Mo ní mo rò bẹ́ẹ̀, sà.

Mo gé ìwé ìròyìn tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà sínú lẹ́tà yìí. Ẹ fún Díákónì Purvis kà.

Ẹ̀rù Alabámà ń bà mí, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ojú yín kò tì mí rí, kò sì ní tì mí láé. Ó dùn mí pé ẹ lè ronú ẹ̀.

Elbert


Harrow Bend
Ọjọ́ kejìlá oṣù Keje, 1964

Elbert ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Nettie. Ooru ń mú.

Díákónì ka ìwé ìròyìn náà fún mi, ó tún un kà fún Lutie. Mo ti gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi, kó o sì tún mi ṣe. Èmi, àwọn tí mo lè yàn pọ̀ rẹpẹtẹ: ọ̀gá ọlọ́pàá, adájọ́, gómìnà, gbogbo wọn, àmọ́ wọn ò gbà mí láyè. Ìwọ, wọ́n gbà ọ́ láyè, àmọ́ kò sí ẹni tó o lè yàn àfi ẹnì kan ṣoṣo. Nínú àwa méjèèjì, ta ló sàn jù? Mo bi Pásítọ̀, ó ní òun máa gbàdúrà sí i.

Bí ìbò bá ti parí, fi káàdì yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mo kàn fẹ́ fojú rí i ni.

Ìyá rẹ


Wáṣíńtìnì
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá, 1964

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìkórè. Mo dìbò. Mo ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi àmì sí i. Nígbà tí mo jáde, mi ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, mo kàn gba ibi iṣẹ́ lọ, mo ń bu ọbẹ̀. Mo ti rò pé màá yàtọ̀.

Ẹ gba káàdì náà. Ẹ fi sínú Bíbélì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e lọ síbì kankan.

Elbert yín


Harrow Bend
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kìíní, 1965

Elbert ọmọ mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. O ní kí n má gbé e lọ. Mo gbé e lọ.

Má tíì pariwo. Mo rò ó pé bí wọ́n bá fojú rí i pé ìjọba Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ mọ ọmọ mi, ojú máa tì wọ́n díẹ̀. Obìnrin onígíláàsì gba káàdì náà, ó ka orúkọ rẹ sókè, ó pe ọkùnrin kan láti yàrá kejì, ìyẹn náà kà á. Ó wá ní, "Ozella, Wáṣíńtìnì kò sí ní Alabámà." Ó dá a padà fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo kí i pé ó dàárọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀gbẹ́ni Strickler yà sílé. Ó jókòó sí fàráńdà bó ṣe máa ń ṣe, mo gbé páì ọ̀dùnkún fún un bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó sì wí pé, "Ozella, wọ́n ní o fẹ́ràn kóòtù. Ẹni tó ń gbé ilé mi kò ní iṣẹ́ kankan ní kóòtù." Ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó lọ.

Ogójì ọdún ni mo fi ṣa òwú fún ẹbí yẹn. Mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe. Díákónì ní kí n lọ, Pásítọ̀ ní kí n ṣe sùúrù. Kí ni ìwọ ní?

Ìyá rẹ


Wáṣíńtìnì
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta, 1965

Màmá mi,

Mo ti fẹ́ fèsì lẹ́tà yín, mi ò tètè mọ ohun tí màá sọ. Ọjọ́ Àìkú la wá rí i lórí tẹlifíṣàn bí àwọn ọlọ́pàá Alabámà ṣe fi kóńdó lu àwọn tó ń wọ́de lórí afárá ní Selma. Èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Mo ń wá ojú yín láàárín àwọn ìyá tó ṣubú sílẹ̀.

Ẹ má lọ sí kóòtù mọ́. Ẹ bi mí léèrè ohun tí mo ní, ohun tí mo ní nìyẹn. Ẹ kọ̀wé kíákíá.

Elbert


Wáṣíńtìnì
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 1965

Màmá,

Ẹ ò kọ̀wé. Wọ́n ní ìwọ́de náà ti dé Montgomery láyọ̀, mo wo ojú àwọn èèyàn lórí tẹlifíṣàn títí, mi ò rí yín. Mo tẹ ilé ìtajà Harrow Bend láago, ẹni tó gbé e ní òun kò mọ Ozella kankan. Látìgbà wo? Nettie ń sunkún. Bí ẹ bá ń bínú torí mo ní kẹ́ ẹ má lọ, ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé.

Elbert


Harrow Bend
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin, 1965

Elbert,

Mo wà láyé. Mo kí ọ, mo kí Nettie, ẹ nu ojú yín.

Àwa náà wọ́de níbí, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé kóòtù. A ò pọ̀, a ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. A dúró ní iná ojú pópó nígbà tó di pupa, gbogbo wa, torí Díákónì ní a kò gbọdọ̀ rú òfin kankan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kó wa. Ẹ̀wọ̀n kún, wọ́n sì kó àwa obìnrin sí ilé tí wọ́n ti ń yọ kóró kúrò lára òwú. Mo ṣubú nígbà tí wọ́n ń tì wá wọlé, ọ̀rùn ọwọ́ mi wú, ìdí tí mi ò fi kọ̀wé nìyẹn. Wọ́n ti tú wa sílẹ̀, ọwọ́ náà sì ti rọlẹ̀.

Èmi àti Lutie la jọ sùn lórí àpò kan. Ó bi mí pé, "Ozella, ṣé òótọ́ ni, àwọn ará Wáṣíńtìnì kì í dìbò?" Mo ní òótọ́ ni, Ààrẹ nìkan. Ó ní, "Kí ni wọ́n wá ń fi ìlú yẹn ṣe?" A rẹ́rìn-ín débi pé ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn.

O ní kí n má lọ mọ́. Ó ti pẹ́ jù. Má bínú.

Ìyá rẹ


Harrow Bend
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án, 1965

Elbert, Elbert ọmọ mi!

Ọlọ́run ṣeun, ìwọ náà ṣeun! Wọ́n dé! Àwọn òyìnbó méjì láti ọ̀dọ̀ ìjọba Wáṣíńtìnì, wọ́n gbé tábìlì sí pósítọ́fíìsì láti forúkọ wa sílẹ̀. Wọn ò béèrè onídùúró, wọn ò ní kí n ka ìwé òfin kankan fáwọn. Ọ̀kan ní, "Orúkọ yín, mà?" Ó pè mí ní mà! Mo gbàgbé orúkọ mi. Lutie ló bá mi dáhùn láti ẹ̀yìn.

Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé ìwọ lo bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ nídìí ọbẹ̀ tí wọ́n fi ṣe òfin ìbò tuntun tó rán wọn wá yìí. Wọ́n ní kí n bá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ozella Gilchrist, olùdìbò


Wáṣíńtìnì
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án, 1965

Màmá mi olùdìbò,

Mo kí yín kú oríire! Èmi àti Nettie jó yí ilé ká. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe èmi. Ohun tí mo máa ń bá aṣòfin sọ ni "Ẹ rọra mú abọ́ yín, sà, ó gbóná." Ẹ̀yin tí wọ́n kó sínú ilé òwú lẹ ṣe é. Mo bẹ yín, ẹ sọ fún Lutie.

Ọ̀gbẹ́ni Strickler ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ ẹ̀.

Elbert


Harrow Bend
Ọjọ́ kejì oṣù Kìíní, 1966

Elbert ọmọ mi,

Mo kí yín kú ọdún tuntun. Mo sọ fún Lutie, kò gbà, ó ní ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Strickler dúró di ìgbà tá a kórè òwú tán. Ó wá ní màlúù lòun fẹ́ máa sìn, òun kò nílò àgbẹ̀ mọ́. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kò jẹ páì lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo àwa tá a forúkọ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹ̀ ló lé, àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mi ò rí màlúù kankan.

Inú àgọ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Àwọn èèyàn wa ló ra ilẹ̀ kan létí títì, wọ́n sì ta àgọ́ síbẹ̀ fún wa. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ jẹ́ pákó, mo ní sítóòfù. Ibùsùn bàbá rẹ kò gba ẹnu àgọ́, mo fi sí ṣọ́ọ̀ṣì. Má dààmú.

Ìyá rẹ


Wáṣíńtìnì
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní, 1966

Màmá,

Kí ni "má dààmú"? Ìyá mi wà nínú àgọ́ nínú oṣù Kìíní, ẹ ní kí n má dààmú! Ẹ kó ẹrù yín. Yàrá wà. Nettie ti fọ aṣọ fèrèsé ibẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin wà nínú lẹ́tà yìí. Mo ń retí yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Elbert


Harrow Bend
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì, 1966

Elbert ọmọ mi,

Mo kí ọ, bá mi kí Nettie kú iṣẹ́ aṣọ fèrèsé. Ẹ ṣeun. Mi ò lè wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún la máa dìbò, a sì máa yan ọ̀gá ọlọ́pàá. Díákónì Purvis ń du ipò náà. Díákónì tí mo mọ̀ pé ó ń sá fún adìyẹ abiyamọ! Ó ní bí òun bá wọlé, òun kò ní lu ẹnikẹ́ni. Ìyẹn nìkan ni gbogbo ohun tó ṣèlérí, ó sì tó mi.

Bí mo bá wá sọ́dọ̀ rẹ, ta ni màá yàn? Ìwọ lo kọ́ mi, ó ná mi ní gbogbo ọdún kan kó tó yé mi, má sì wá ní kí n gbàgbé ẹ̀. Bí mo bá kúrò níbí, mi ò kì í ṣe olùdìbò ibí mọ́.

Mo dá tíkẹ́ẹ̀tì padà.

Ìyá rẹ


Wáṣíńtìnì
Ogúnjọ́ oṣù Kejì, 1966

Màmá,

Wọn kì í se ìbò jẹ, wọn kì í fi bora. Mo gbọ́ nínú ìròyìn pé àwọn kan ń yìnbọn sí àgọ́ bẹ́ẹ̀ láti inú mọ́tò. Ẹ ò sọ fún mi. Kí ni ẹ tún fi pamọ́? Bí Díákónì bá wọlé, tí wọ́n bá sì ti pa yín kó tó wọlé, kí ni kí n fi ọ̀gá ọlọ́pàá ṣe?

Èmi kan ṣoṣo lẹ bí tó kù láyé. Ẹ ń ṣe bí ẹni tí kò lọ́mọ.

Mo fi ẹ̀wù òtútù ránṣẹ́.

Elbert


Harrow Bend
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin, 1966

Elbert ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọdún Àjíǹde. Ẹ̀wù náà bá mi mu. Lẹ́tà rẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi láti ìgbà yẹn. Mo bínú fún oṣù kan, lẹ́yìn ìyẹn mi ò bínú mọ́.

Òótọ́ ni, wọ́n ń yìnbọn. Ihò kan wà lára àgọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Lutie ti lọ bá ọmọ ẹ̀ ní Detroit, ó sunkún kó tó wọ ọkọ̀. Wọ́n tún sọ pé kóòtù ti fagi lé owó-orí ìbò pátápátá báyìí, àti ti Ààrẹ àti ti gbogbo ìyókù. Inú gbogbo èèyàn dùn. Èmi jókòó, inú mi kò dùn, mi ò sì mọ ìdí. Ohun tí mo wá títí ni mo rí gbà, ó sì ti gba ilé lọ́wọ́ mi. Òtútù ń mú mi, Elbert. Àárò rẹ ń sọ mí. Nígbà míì mo máa ń rò pé agídí lásán ló ń ṣe mí, pé mò ń jìyà nítorí ìwé pélébé kan.

Mi ò mọ èyí tó tọ́ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Nítorí náà mo fi lé ọ lọ́wọ́. Ìwọ ti dìbò rí, èmi ò tíì dì í. Ìwọ sọ fún mi bóyá ó tó nǹkan. Bó o bá ní kí n máa bọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, màá bọ̀, mi ò sì ní dá ọ lẹ́bi láé.

Màmá rẹ


Wáṣíńtìnì
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹrin, 1966

Màmá mi,

Mo kí yín. Nettie kí yín, ó ń wò mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín fún un, ó ní, "Kọ̀wé kíá kí wọ́n máa bọ̀." Mo jókòó, mo kọ ọ́: Ẹ máa bọ̀. Mo fa ìwé náà ya. Mo tún kọ ọ́, mo tún fà á ya. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Ohun tí mo ti ń bẹ̀ yín fún láti oṣù Kìíní rè é, ẹ sì ti gbà.

Lánàá, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin Alabámà wa na abọ́ sí mi. Ó mọ orúkọ mi. Ó ní, "Elbert, bù ú kún, kí wọ́n tó lé mi kúrò níbí." Ẹnìkejì ẹ̀ béèrè ẹni tó fẹ́ lé e. Ó ní àwọn àgbà obìnrin kan nínú àgọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹ ọbẹ̀ náà tán. Màmá, ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń fún ọkùnrin yẹn lóúnjẹ. Kò bẹ̀rù mi rí. Ẹ̀yin tí ẹ ò rí i rí lójú ló ń bẹ̀rù.

Ẹ bi mí bóyá ó tó nǹkan. Nígbà tí mo dìbò tèmi, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan, mo sọ fún yín. Bóyá tiyín náà ò ní mú ohunkóhun wá, Díákónì lè má wọlé. Bí nǹkan bá sì ṣe yín nínú àgọ́ yẹn, èmi ni màá gbé e káyà títí màá fi kú. Mo mọ gbogbo ẹ̀, mo ṣì fẹ́ sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, Nettie sì ti dìde kúrò nídìí tábìlì.

Ẹ má wá, Màmá. Ẹ dúró, ẹ dìbò yín.

Mo ti gbàyè níbi iṣẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ náà ni màá wọlé, màá gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì dání, ibi tí mo bá sùn nínú àgọ́ tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀rù ń bà mí láti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ yẹn, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun a ó jọ rìn lọ. Wọn ò ní jẹ́ kí n bá yín wọlé, orúkọ mi kò sí nínú ìwé wọn. Ìta ni màá wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú, ẹ wọ gíláàsì yín, ẹ ka gbogbo orúkọ náà tán kẹ́ ẹ tó fi àmì sí i. Bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹ óò bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ yín,
Elbert